Ìmọ́lẹ̀ Tí Wọ́n Fi Dá Ọ̀jọ̀gbọ́n Lọ́lá

Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ ìyìn, ẹ bá mi wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, bóyá ẹ̀rín ò ní máa yọ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin tó mọ ojú ọ̀run bí ẹni mọ àgbàlá bàbá rẹ̀, ó pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ò fẹ́ ìyìn. Ó sọ ọ́ níbi àpérò, ó sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn, ó sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, bí ẹ bá wọ pálọ̀ rẹ̀, ẹ ò ní rí ibi gbé ife tíì kalẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ ti gba orí tábìlì, ó gba orí pẹpẹ, ó sì ti ń wọ ilé ìdáná lọ. Ọ̀kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ló fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwo ìràwọ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọge ìgbà tí yóò rí ọkọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ò yéé kanlẹ̀kùn lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ọmọ òun ò ju kó sọ bóyá òjò máa rọ̀ lọ. Bí màmá bá fẹ́ sá aṣọ, á kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Orí òkè kan lẹ́yìn ìlú ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ilé rìbìtì kan tí òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó máa ń là sí méjì kí awò ńlá inú rẹ̀ lè rí òkè. Ilé Awò ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń sáré gun àkàbà ló ti débẹ̀. Ó ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó ṣe olùkọ́, ó di ọ̀gá pátápátá. Ní báyìí tí orúnkún ti ń bá a ṣẹjọ́, orí àga tìmùtìmù ní ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ ló ti ń wo ohun tí awò bá rí, lójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ọ́fíìsì yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé fọ́tò àwọn ọ̀gá àná kọ́. Èyí tó tóbi jù ni ti ẹni tó kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n níṣẹ́, arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Awò. Fọ́tò ayé àtijọ́ ni, dúdú àti funfun. Bàbá náà dúró síwájú Ilé Awò, àmì ẹ̀yẹ ìjọba ń dán lọ́rùn rẹ̀, ó fún ojú méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ lójú, ìkùukùu sì ṣú rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí òwú tí wọ́n kó jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ fọ́tò yìí ju ojú ara rẹ̀ nínú dígí lọ. Ká má purọ́, ìkùukùu inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìràwọ̀ méjì kan wà lókè tí wọ́n ń yí ara wọn ká, tí wọ́n súnmọ́ra débi pé ẹyọ kan ni ojú lásán ń rí. Orogún ni wọ́n ń pè wọ́n ní Ilé Awò, nítorí bó bá ti tó bí ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kan á wá dúró gbàgà síwájú èkejì, á bò ó mọ́lẹ̀, bí ìyáálé tí kò fẹ́ kí àlejò rí ìyàwó. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, kò sí ibòmíràn tó ní awò tó lè rí wọn, Bàbá Awò nìkan ló wà níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ṣubú nílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba wá fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ Bàbá Awò lọ́rùn, tí wọ́n sì ya fọ́tò yẹn. Nígbà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ padà dé, tó sáré wá béèrè ohun tí awò rí, bàbá mi orí, ó ní, "Ìkùukùu ni, ọmọ mi. Ìkùukùu ò jẹ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi kú.

Ibi tí ọ̀gá ti pàdánù ni ọmọ iṣẹ́ ti rí jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, ó ṣírò, ó tún un ṣírò, ó wá kéde fún ayé pé òrùka eruku kan ló yí ọ̀kan nínú Orogún ká, àti pé kí ìmọ́lẹ̀ wọn tó dínkù nígbà tí ọ̀kan bá bo èkejì, yóò kọ́kọ́ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣíṣẹ́jú yẹn ló fi gba oyè, òun ló fi kọ ìwé, òun ló gbé e dé ìlú òyìnbó tí wọ́n ti dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni ò ti rí i rí, ta ló fẹ́ já a nírọ́? Ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbìyànjú rẹ̀, ọ̀mọ̀wé kan lókè òkun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n. Gbogbo àpérò tí wọ́n bá ti pàdé ni Onírùngbọ̀n máa ń dìde tó máa ní kò sí òrùka kankan, àlá ni obìnrin yìí ń lá. Gbogbo ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ dúró de Orogún."

Wọ́n dúró. Irun Ọ̀jọ̀gbọ́n funfun, ti Onírùngbọ̀n re tán pátá, ó ku irùngbọ̀n nìkan. Ọdún Orogún wá pé wàyí. Ìṣirò fi hàn pé ìrọ̀lẹ́ ni ìràwọ̀ náà yóò ṣẹ́jú, kété tí ilẹ̀ bá ṣú, nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síhà ìlú. Ọ̀sán ganrínganrín ni yóò jẹ́ níbi gbogbo tí àwọn awò ńlá ayé wà. Orí òkè yìí nìkan ni ilẹ̀ yóò ti ṣú tó. Bó bá ṣẹ́jú, òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi ayé rẹ̀ sọ. Bí wọn ò bá rí i, kò ní sí láyé mọ́ nígbà tí òmíràn yóò fi dé, ọ̀rọ̀ tí yóò sì kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Onírùngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lójú oorun.

Ìgbà yẹn gan-an ni àbúrò rẹ̀ yàn láti dá a lọ́lá.

Àbúrò yìí, Kọngílá ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Agbaṣẹ́ṣe ni, kò sí iṣẹ́ tí kì í gbà. Ó kọ́ afárá, ó gbẹ́ kànga, ó kun ilé ẹ̀kọ́ lọ́dà, àwọn kan nínú wọn ṣì wà lóòró di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé góńgó. Ó dùn ún pé wọ́n ti fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan sọ òpópónà ọjà, wọ́n ti fi orúkọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò sọ ibùdókọ̀, tí wọn ò sì fi ti ẹ̀gbọ́n òun sọ kòtò omi pàápàá. Ó dun Ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ti agbábọ́ọ̀lù yẹn dùn ún jù.

Ni Kọngílá bá kó ìgbìmọ̀ kan jọ, Ìgbìmọ̀ Ìdánilọ́lá, wọ́n wá bá a ní ọ́fíìsì, wọ́n jókòó tò bí ẹbí ọkọ ìyàwó, wọ́n béèrè ohun tó wù ú kí ìlú ṣe fún un. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ohun tó nílò kò ju kí wọ́n fi òkè náà sílẹ̀ bó ṣe wà títí Orogún yóò fi wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá lójútì kì í ya ẹnu béèrè ẹ̀bùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ orí ba bí ìyàwó tuntun, ó ní, "Ohunkóhun tí ẹ bá rí pé ó yẹ mí ni." Nínú ọkàn rẹ̀, ère ló ń retí, ère gíga tó kọjú sí ìlú, kí wọ́n má sì gbàgbé láti gbé ìwé lé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wakọ̀ gòkè lọ síbi iṣẹ́, ó rí ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí yóò fi padà bọ̀, òpó irin ti dúró nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kọngílá wà láàárín títì, ó dé akoto, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ni ọ̀nà náà máa jẹ́ láti ìsinsìnyí lọ, àti pé iná máa wà níbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè dé ẹnu ilẹ̀kùn Ilé Awò, iná tí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá bọ́ yóò fi rí i he. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín wá ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti wá bá yín."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Bí ẹni fẹ́ yẹ apẹja sí, tó wá bá a gbọ́n odò rẹ̀ gbẹ. Ṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n wá pariwo? Rárá o. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé báwo ni wọ́n ṣe kọ orúkọ òun sára pátákó, ṣé wọ́n fi "Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà" ṣáájú? Kọngílá ní wọ́n fi ṣáájú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wakọ̀ lọ sílé.

Igbákejì rẹ̀ ní Ilé Awò ló là á lójú. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ti ṣe igbákejì títí ó fi di pé kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọlé wá lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú tábìlì, ó ní, "Iná yẹn kọjú sí Orogún, mà." Ó tún ní, "Ìrọ̀lẹ́ Orogún náà ni wọ́n máa tàn án." Òótọ́ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí àyè máa gba Mínísítà láti wá tan iná ni ọjọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi.

Ó pe Kọngílá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sún ọjọ́ náà síwájú. Kọngílá ní ṣé wọ́n ń sún Mínísítà ni? Ó ní kí wọ́n tan iná ìsàlẹ̀ nìkan. Kọngílá ní ẹyọ suìsì kan ló ń tan gbogbo rẹ̀, bí òun ṣe so wáyà rẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ ọn bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé òkùnkùn gan-an ni iṣẹ́ òun nílò, ó wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo aláìsàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń dìde láàárín ìlú tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní òkùnkùn?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ, bóyá màmá á bá a bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bá a níbi tó ti ń wọ gíláàsì ojú tuntun tó rà nítorí ọjọ́ náà, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Gbogbo aládùúgbò ló ti gbọ́. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà lọ́mọdé, àdúrà kan náà ni màmá yìí ń gbà lé e lórí láràárọ̀, pé iná rẹ ò ní kú, òkùnkùn ò ní bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ní báyìí àdúrà ti gbà, ó gbà gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú òpó àti wáyà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Màmá, òkùnkùn ló dára fún iṣẹ́ tèmi." Màmá ní kí Ọlọ́run má gbọ́. Ó yí ọwọ́ ká orí ọmọ rẹ̀, ó ju ọ̀rọ̀ náà síta lójú fèrèsé.

Kọngílá ló wá rí ọ̀nà àbáyọ nígbẹ̀yìn, nítorí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fà ro kò jẹ́ kó lè jẹun. Ó ní kí wọ́n tó tan iná, wọ́n máa fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ní máìkì kó dúpẹ́. Kó fẹnu ara rẹ̀ bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú sùúrù díẹ̀ títí ìràwọ̀ òun yóò fi wọ̀. Ta ló máa sọ pé rárá fún un lọ́jọ́ tó jẹ́ tirẹ̀? Igbákejì gbọ́ ọ, ó mi orí pé ó dáa. Ó ní, "Gbólóhùn kan péré ni, mà." Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró níwájú dígí nílé, ó ń kọ́ gbólóhùn náà sórí: ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iná náà dúró díẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí omi mímu.

Ọjọ́ pé. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí àbàwọ́n ìkùukùu kan níbẹ̀. Igbákejì ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú Ilé Awò láti ọ̀sán. Wọ́n to àga síta, wọ́n ta ìbòrí, wọ́n gbé suìsì sórí tábìlì kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Fọtogíráfà ìlú, ọkùnrin oníṣọ̀yàyà kan tó jogún ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ń ti Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì, pé kí Ilé Awò lè yọ lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa kí oòrùn tó wọ̀ tán. Màmá jókòó níwájú pẹ̀lú gíláàsì tuntun, gbogbo ẹni tó bá kí i ló ń sọ fún pé òun lòun bí i.

Mínísítà pẹ́ kó tó dé, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Nígbà tó dé, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn ẹ̀yìn òkè gba àyè láti sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà yìí lòun ń gbà lọ sílé bóun bá ti ṣíwọ́, ọkàn òun kì í sì í balẹ̀ nínú òkùnkùn títí òun fi ń dé ilé. Ó ní láti òní lọ, bí òun bá ti ń rìn nínú ìmọ́lẹ̀ yìí ni òun á máa ṣàdúrà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin náà ń sunkún, kò sì purọ́ kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì ronú kan àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà yẹn rí. Ojú tì í díẹ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú. Fóònù gbọ̀n nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Igbákejì ni: Orogún ti yọ, ó hàn kedere, ó kù díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè, ó sì rí i fúnra rẹ̀, lókè àwọn òpó tuntun, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síhà ìlú. Ó pẹ́ tó ti fi ojú lásán wò ó kẹ́yìn. Ó dìde díẹ̀ lórí àga, ṣùgbọ́n adarí ètò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn yẹn dùn. Kọngílá ló kọ ọ́, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ọmọ ọjọ́ díẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ń nawọ́ sí òṣùpá. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ń wárìrì bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ àmì ẹ̀yẹ kan, àwọn èèyàn á hó, àní èyí tó fi ń dá ilẹ̀kùn dúró náà gba ìpín ìhó tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí òun dá a dúró. Fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ tẹ pọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kí wọ́n kàn ka ti ìlú òyìnbó yẹn tán, ibi tí wọ́n ti dìde pàtẹ́wọ́.

Wọ́n kà á tán. Mínísítà gbé máìkì lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ìlú yìí wà nínú òkùnkùn, ìwọ lo mú ìmọ́lẹ̀ wá." Gbogbo èèyàn dìde dúró. Kọngílá ń wò ó, ó ń fi ojú sọ fún un pé ó yá, sọ ọ́.

"Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ìràwọ̀ wà níbẹ̀ tó ń rí i. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kọjú sí i, màmá sì gbé gíláàsì rẹ̀ sókè láti wo ẹnu ọmọ rẹ̀ dáadáa. Gbólóhùn náà ti wà lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ tú u síta, ó gbọ́ bí yóò ṣe dún létí gbogbo wọn, pé obìnrin tí wọ́n pè ní ìmọ́lẹ̀ ìlú ń bẹ̀bẹ̀ fún òkùnkùn. Ó rí ojú wọn bí yóò ṣe yí padà. Ẹ̀rín rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu.

"Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé," ó ní, "kí ẹ jẹ́ kí ìyá mi ló tan iná náà."

Ha, ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ ya! Mínísítà pàápàá nu ojú. Wọ́n mú màmá dé ìdí tábìlì, wọ́n gbé ìka rẹ̀ lé suìsì, màmá ní iná ọmọ òun ò ní kú, ó sì tẹ̀ ẹ́. Gbogbo òkè náà tàn yòò. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè wo ibi tí Orogún wà. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àfi funfun tó ń ta ojú. Ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ ohun tó ń ṣe. Nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, fóònù ò gbọ̀n mọ́.

Nígbà tí àlejò túká, ó wọ ọ́fíìsì. Igbákejì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Kò bínú, kò sì wo Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú. Ó béèrè ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn tó ń retí èsì ní gbogbo ayé. Òdòdó ìdánilọ́lá ṣì wà lọ́rùn Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ìkùukùu," ló wí.

Igbákejì wo ojú fèrèsé, ibi tí ojú ọ̀run ti mọ́ gaara lókè àwọn iná. Ó mú báàgì rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó sì jáde. Òun náà ti ń dúró de Orogún láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti bi í rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó sunkún, kì í ṣe ẹkún àpọ́nlé irú èyí tí Mínísítà sun lóde.

Ayé bá a kẹ́dùn. Onírùngbọ̀n fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní ìkùukùu ò mọ ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀rẹ́, ó ní inú òun bàjẹ́ tọkàntọkàn nítorí òun ìbá fẹ́ mọ òótọ́ kí àwọn méjèèjì tó kú. Ọ̀rọ̀ rere yẹn dun Ọ̀jọ̀gbọ́n ju gbogbo èébú tó ti bú u lọ. Ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun fún un ní àmì ẹ̀yẹ mìíràn, ti ìfaradà. Òun náà ti wà nílé ìdáná báyìí. Ní ti iná, iṣẹ́ Kọngílá kúkú ni. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi kú ní ìsàlẹ̀ òkè, tí èkejì tẹ̀lé e, títí gbogbo ọ̀nà fi padà ṣókùnkùn biribiri. Nọ́ọ̀sì ti ń fi tọ́ọ̀ṣì rìn. Òkùnkùn tí ẹ̀bẹ̀ ò rí gbà ti dé lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí nǹkan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ fi í ṣe mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fọtogíráfà gbé fọ́tò ọjọ́ náà wá sí ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Awò. Ó dára púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, òdòdó ìdánilọ́lá lọ́rùn, Ilé Awò lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run inú rẹ̀ mọ́ láti etí dé etí, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ yìí, ojú ọ̀run ló máa kọ́kọ́ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kó bá òun fi ìkùukùu díẹ̀ sí i.

Fọtogíráfà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn ò le rárá, mà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é nísinsìnyí. Nígbà ayé bàbá mi, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní òun ṣe ọ̀kan fún ọ̀gá kan níbí yìí rí. Òwú ló tẹ́ sórí tábìlì tó ya fọ́tò rẹ̀, tó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀gá náà bí ìkùukùu. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ dúró níwájú Bàbá Awò, ó wo ojú méjèèjì tó fún pọ̀ nítorí oòrùn. Gbogbo ọdún tó fi ń kọjá níbẹ̀, ìkùukùu ló ń wò, kò ṣàkíyèsí oòrùn rí. Fọtogíráfà ké sí i láti inú ọ́fíìsì, ó ń béèrè bóyá kí òun jẹ́ kó fẹ́lẹ́ ni àbí kó ṣú.

"Kó ṣú," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn. "Kó ṣú bíi ti ọ̀gá mi."